Bí Hàwáwù Aránṣọ Ṣe Wọn Yàrá Opó

"Ìyá Mọ̀núrù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wọn yàrá kan bí ẹ ṣe ń wọn èèyàn?"

Ọmọ Àgùdà kan ló bi Hàwáwù aránṣọ ní ìbéèrè yìí, lásìkò òjò ọdún 1957, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Hàwáwù yọ abẹ́rẹ́ tó há sí ètè. Ó wo ọmọ náà látòkè délẹ̀. Ó ní:

"Yàrá wo ló ń lọ sóde tó nílò bùbá?"

Àwọn tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára téèpù tó wà lọ́rùn Hàwáwù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún un. Bí yàrá yẹn kò bá di wíwọ̀n, odindi ọdún kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wọmi nìyẹn.

Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n sábà máa ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀ l'Ékòó. Hàwáwù kì í ṣe ọlọ́lá. Kò joyè, kò kọ́lé alájà, kò sì sẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà. Ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànràn ni wọ́n bí i sí. Ilé kéú ló lọ, ó ka Kùránì parí, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un. Nígbà tó di ọmọge, ìyá rẹ̀ fà á lé Ìbídùn lọ́wọ́, obìnrin Sàró kan ní Olówógbowó, pé kó kọ́ ọ níṣẹ́ ìránṣọ. Ibẹ̀ ló ti mọ òǹkà orí téèpù. Bí Hàwáwù bá pàdé lẹ́tà ìwé lójú títì, kò ní mọ̀ ọ́n kí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àyà, ìbàdí, apá, gígùn: á máa pè wọ́n jáde bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ, á sì fi wọ́n pamọ́ sórí títí aṣọ á fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fẹ́ Sùlè, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó gàrí àti ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èbúté Èrò. Ilé ọkọ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, nítorí pé ibẹ̀ ló ní ìmọ́lẹ̀. Bí Sùlè bá ti gúnlẹ̀, ẹ óò mọ̀: Hàwáwù á máa kọrin bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Bí Sùlè kò bá tíì dé, á kàn máa tẹ̀ ẹ́. Mọ̀núrù nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún wọn. Kò fi ìyẹn pariwo. Bí ẹ bá bi í bí ayé ṣe rí, á ní, "Ó gbà mí. Kò fún mọ́ mi." Bí ó ṣe ń ránṣọ náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gba aṣọ lọ́wọ́ Hàwáwù tí kò rí ibi mí sí nínú rẹ̀.

Ọmọ tó wá bi í léèrè yìí ń jẹ́ Joaquim Candido, láti Pópó Àgùdà. Theodora, ìyá rẹ̀, oníbàárà Hàwáwù ni; aṣọ tí Theodora ń wọ̀ lọ sí Mísà Kérésìmesì, Hàwáwù ló ń rán an. Joaquim wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan l'Ókè Ọya. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò tíì yé ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn. A mọ lọ́yà, a mọ dókítà, a mọ tísà. Bí Theodora bá ní ọmọ òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé, wọ́n á bi í pé, "Ṣé kò rí bíríkìlà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ l'Ékòó ni tó fi wọ rélùwéè?"

Hàwáwù náà bi Joaquim. Ó fèsì pé:

"Ọ̀nà mẹ́ta ni, Ìyá Mọ̀núrù. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń ya ilé sórí ìwé kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan bíríkì. Wọ́n ń kọ́ wa ní ohun tó yẹ kó yí ilé ká, igi, òdòdó, ibi tí àgbàrá máa gbà. Wọ́n sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń to odindi ìlú."

"Odindi ìlú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló wá to èyí tí a wà nínú ẹ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó tò ó, mà."

"Ó hàn."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìsinmi ọdún yẹn, tísà wọn, òyìnbó kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ wá ilé àtijọ́ kan ní ìlú rẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì yà á láìku yàrá kan. Lásìkò yẹn, ìjọba ti ń wó ilé lápá kan l'Ékòó láti tún àdúgbò tò. Tísà náà ní ilé tí wọ́n bá wó tí kò sẹ́ni tó yà á, òkú tí kò ní fọ́tò ni. Lọ́dún tó ṣáájú, akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi yàrá kan sílẹ̀ lófìfo, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n tì í pa. Tísà dá ìwé náà padà fún un. Ó ní, "Àbọ̀ ilé lo yà." Ọmọ yẹn tún kíláàsì náà kà.

Ilé alájà àwọn Àgùdà ni gbogbo èèyàn rò pé Joaquim máa yà. Òun fẹ́ agbo-ilé bàbá Hàwáwù. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wá gba aṣọ lọ́dọ̀ Hàwáwù. Ó mọ àgbàlá wọn, ó mọ kànga tó wà láàárín rẹ̀, ó mọ igi gbẹ̀rẹ̀fútù tí òjìji rẹ̀ bo ìdajì ilẹ̀. Ó lọ bẹ Bàbá Jíbrílù, olórí ilé. Bàbá Jíbrílù gbà, ṣùgbọ́n ó ní:

"Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí o máa lọ. Ilé kì í ṣe gàrí tí à ń wọ̀n lójoojúmọ́."

Joaquim wọn gbogbo yàrá, ó ku ẹyọ kan. Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n Bàbá Jíbrílù, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kí Joaquim tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé. Ìyàwó rẹ̀, Àlímọ̀t, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wà nínú tákàbà. Opó Mùsùlùmí tó wà nínú tákàbà kì í jáde, kì í ṣọ̀ṣọ́, títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kì í sì í wọlé tọ̀ ọ́. Ti Ìyá Àgbà tún le ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì gbọ́ ohùn òun pàápàá. Nígbà tí Joaquim wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, Bàbá Jíbrílù ló gba ìkíni náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun á bá a jẹ́ ẹ fún opó.

Wọ́n bẹ Ìyá Àgbà pé kó bọ́ sí yàrá kejì díẹ̀, kí ọmọ náà wọn tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ jáde pé ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ tákàbà ni òun máa parí ẹ̀ sí; bí wọ́n bá fẹ́ kí òun kúrò, kí wọ́n gbé òun tògiri-tògiri. Láti ìta, èèyàn lè fojú díwọ̀n yàrá náà, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ni, ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó wà nínú. Ọkọ̀ ojú irin tó máa gbé Joaquim padà kò sì ní dúró de tákàbà. Ìdí nìyẹn tó fi wá dúró síwájú Hàwáwù. Hàwáwù nìkan ni obìnrin tó mọ téèpù kà nínú ilé yẹn.

"Èmi?" ni Hàwáwù wí. "Mi ò wọn ohun tí kì í mí rí."

"Kò yàtọ̀, mà. Ẹ gba ògiri bí èjìká, ẹ gba ilẹ̀kùn bí ọrùn, ẹ gba fèrèsé bí apá. Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn èèyàn, kí ẹ máa pe nọ́ńbà náà sí mi látinú."

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

Hàwáwù wọlé tọ opó lọ. Joaquim jókòó sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó gbé pátákó ìyàwòrán lé orúnkún. Hàwáwù ń pe nọ́ńbà gba ojú fèrèsé, Joaquim ń kọ ọ́. Nínú yàrá, Ìyá Àgbà rọra sọ̀rọ̀ kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde.

"Kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"À ń gbé yàrá yín lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, Ìyá Àgbà."

"Ṣé ẹ máa dá a padà?"

"A máa dá a padà."

"Sọ fún un kó má gbàgbé ihò eku tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ihò yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi níyàwó."

Hàwáwù pe ihò eku náà pẹ̀lú. Joaquim kọ ọ́.

Ó padà sí Pópó Àgùdà, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì oúnjẹ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé. Ó kọ́kọ́ fa ògiri ìta yípo. Ó wá ń to yàrá sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wọlé wẹ́rẹ́ bí àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó kan yàrá Ìyá Àgbà, kò wọlé. Ó la ògiri ẹ̀yìn kọjá, ó lọ fìdí kalẹ̀ sínú ilé aládùúgbò. Joaquim pa á rẹ́, ó tún un yà. Ó tún jáde. Ó pa á rẹ́ títí ìwé fi fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé nọ́ńbà Hàwáwù lè ní nǹkan ṣe. Ó gbà pé ògiri ìta ni òun ṣì wọ̀n. Ó mú téèpù gígùn, ó gbé ìwé àti pátákó ìyàwòrán, ó gba Ìsàlẹ̀ Èkó lọ.

Ara ògiri ẹ̀yìn ni Bàbá Jíbrílù ti bá a.

"Joaquim! Ìgbà mélòó ni mo ní kí o wọn ilé mi?"

"Ẹ ní lẹ́ẹ̀kan, Bàbá."

"Ìkelòó nìyí?"

"Ìkejì ni, sà."

"Ẹni tó wọn ilé lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọ́wèé. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ rà á ni, tàbí ó fẹ́ wó o. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

"Kò sí èyí tí mo fẹ́ ṣe, Bàbá. Yàrá Ìyá Àgbà ló jáde síta."

"Ó jáde? Nínú tákàbà?"

Joaquim tú ìwé náà, ó fi hàn án. Àṣìṣe tó ṣe gan-an nìyẹn. Bàbá Jíbrílù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ ààlà. Ó rí ibi tí ilé òun ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

"Ha! Kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé má rí ìwé yìí o! Wọ́n á ní a fi pẹ́ńsùlù gba ilẹ̀ àwọn. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí bàbá mi ṣe, ara wa kò tíì balẹ̀ lórí ẹ̀ títí di òní. Ká ìwé ẹ, ọmọ Àgùdà. Má tún gbé téèpù wọ ibí yìí mọ́."

Joaquim ká ìwé náà. Ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin ti sún mọ́lé. Kò sí ilé mìíràn tó lè bẹ̀rẹ̀ tó sì lè parí mọ́. Ó ti yíjú sí ọ̀nà ìta nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá," ni Hàwáwù wí, ó kúnlẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ìwé náà. Èmi ni mo pe nọ́ńbà fún un."

Ó wo ìwé náà pẹ́, bí ẹni ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn gé.

"Bí mo ṣe pè é lo ṣe yà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sì wọlé?"

"Kò wọlé, mà."

Joaquim gbé pátákó ìyàwòrán rẹ̀ fún un. Ó mọ ìwọ̀n pátákó yẹn bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. "Ẹ bá mi wọn èyí, mà."

Hàwáwù na téèpù, ètè rẹ̀ mì, ó pe nọ́ńbà. Joaquim wò ó. Ó ní kó tún un wọ̀n. Nọ́ńbà kan náà ló jáde. Joaquim gba téèpù, ó fi lé e lára. Ti Hàwáwù fi íńṣì méjì jù ú lọ.

"Ìyá Mọ̀núrù, níbo ni íńṣì méjì yìí ti wá?"

"Èwo?"

"Èyí tó lé."

"Ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà ńkọ́?" Ìbéèrè náà ya Hàwáwù lẹ́nu. "Ẹni tó bá gé aṣọ gẹ́lẹ́ bí ara ṣe rí, kí ló máa rí rán?"

Joaquim na ìka sí ìwé náà.

"Ṣé gbogbo ògiri lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, níbi gbogbo tí téèpù bá parí sí. Ẹnu ọ̀nà ni mo tún wá bù díẹ̀ sí, nítorí Ìyá Àgbà sanra. Mi ò fẹ́ kó fún wọn."

Joaquim jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú aṣọ funfun tó wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Bàbá Jíbrílù gbìyànjú láti le ojú. Ojú náà kò le.

"Hàwáwù," ló ní, "bàbá wa lo agbẹjọ́rò títí, kò rí ilẹ̀ yẹn gbà. Ìwọ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gbà á."

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," ni Joaquim wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n bí èèyàn."

"Ó dáa. Lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ wọ̀n ọ́n bí igi."

A lè rò pé kí Joaquim kàn yọ íńṣì méjì-méjì kúrò. Ṣùgbọ́n Hàwáwù kò rántí iye tó bù kún ẹnu ọ̀nà. Àánú ló fi bù ú, àánú kò sì ní òǹkà. Ó tún wọlé tọ opó lọ. Ó sọ lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ yẹn ni òun lára, nítorí pé láti pe nọ́ńbà láìfi nǹkan kún un dà bí ìgbà tí èèyàn bu oúnjẹ ráńpẹ́ fún àlejò. Bó bá ti pe ọ̀kan, Joaquim á béèrè láti ìta:

"Láìsí abẹ́rẹ́, mà?"

"Láìsí abẹ́rẹ́."

"Ti ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Láìsí Ìyá Àgbà pẹ̀lú."

Nígbà tí Hàwáwù ń ká téèpù, Ìyá Àgbà fà á létí aṣọ.

"Sọ fún ọmọ yẹn pé ó jẹ mí ní gbèsè. Ó gbé yàrá mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì kí mi kú ọ̀fọ̀."

"Ó kí yín, Ìyá Àgbà. Bàbá Jíbrílù ló gbà á fún yín."

"Jíbrílù kọ́ lọkọ ẹ̀ kú. Ìkíni kì í ṣe ẹrù tí à ń fi rán ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Kó má kí mi gba ojú fèrèsé o. Ojú kojú ni mo fẹ́, nígbà tí mo bá jáde."

Hàwáwù jẹ́ iṣẹ́ náà. Joaquim ṣí fìlà, ó ní òun gbọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, yàrá náà wọlé. Ó jókòó síbi tí ògiri ní kó jókòó sí. Joaquim ya kànga, ó ya igi gbẹ̀rẹ̀fútù pẹ̀lú òjìji rẹ̀, ó ya ibi tí omi òjò ń gbà jáde láti àgbàlá. Ó wọkọ̀ ojú irin ní Ìddó, ìwé náà wà nínú páìpù páànù lábẹ́ apá rẹ̀, Theodora sì ń kígbe pé kó má jẹ́ kí òjò pa á.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Theodora tó mú ìròyìn wá, ọjọ́ tó wá wọn aṣọ Kérésìmesì. Joaquim ti yege, ó ti bọ́ sí kíláàsì kejì. Wọ́n so ilé náà mọ́ ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí i. Tísà na ìka sí àmì kékeré kan lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè ohun tó jẹ́. Joaquim ní ihò eku ni. Onílé ló ní òun kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀. Tísà mi orí, ó fi máàkì sí i.

"Ẹ ṣáà bá mi fi àyè sílẹ̀ níbi ìbàdí," ni Theodora ní.

"Ìgbà wo ni mi ò fi sílẹ̀ rí?" ni Hàwáwù dáhùn.

Tákàbà Ìyá Àgbà parí. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun tí Hàwáwù rán fún un, ó jáde sí àgbàlá, ó jókòó sẹ́bàá kànga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo ilé jà lórí ìgbálẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Inú wọn dùn láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí Joaquim gba ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò tíì sinmi tó ọjọ́ méjì tó fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Hàwáwù dá ẹ̀rọ dúró, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ìyá Àgbà wà lórí ẹní, ó ń fọ ẹnu pẹ̀lú orín. Joaquim kò wo ògiri, kò wo fèrèsé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ọjọ́ á jìnnà síra wọn."

Ìyá Àgbà jẹ́ kó wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó yọ orín lẹ́nu.

"Àmín," ló ní. "Dìde, ọmọ mi. O ti san án."